Ìbọn Ọ̀dà Tó Ń Há: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Fún Àwọn Tó Ń Ṣeré Paintball

Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ jù nìyí, yálà ẹni tó ń béèrè ra ìbọn tirẹ̀ ni o, àbí ó yá èyí tí wọ́n fi ń ṣeré lórí pápá. Paintball ni eré tí wọ́n ti ń fi ìbọn onígáàsì yin bọ́ọ̀lù ọ̀dà kékeré lu ara wọn. Bọ́ọ̀lù ọ̀dà yẹn ni mo pè ní ọta. Họ́pà ni agolo orí ìbọn tí ọta ń gbà wọlé, bóòtù sì ni irin inú ìbọn tó ń ti ọta síwájú.

Ìbọn mi há láàárín eré. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má ṣí ìbòjú yín. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù lójú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Lórí ọ̀pọ̀ pápá, ọta ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 280 sí 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ẹyinjú tó lè gba irú ìyẹn kó má bàjẹ́. Ìbọn tó há kò ṣófo. Gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, ọta sì lè jókòó síwájú bóòtù, kó máa dúró de ẹni tó máa ṣèèṣì fa tírígà.

Ẹ dojú ìbọn kọlẹ̀, ẹ ti séfútì rẹ̀ (ohun tí kì í jẹ́ kí tírígà ṣeé fà), ẹ fi àpò bo ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jáde kúrò lójú ìjà. Bí àtúnṣe náà bá kọjá kí èèyàn gbọn họ́pà jìgìjìgì, ẹ yọ họ́pà kúrò, ẹ tú táǹkì gáàsì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, kẹ́ ẹ fa tírígà títí gáàsì tó ṣẹ́ kù fi máa tán. Ẹ má yọjú wo inú ọ̀pá ìbọn láti iwájú. Ẹ tú ọ̀pá náà kúrò lára ìbọn ná, kẹ́ ẹ wá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọta ló há àbí gáàsì ló tán?

Ẹ fetí sí ìró rẹ̀. Bí ìbọn bá dún kíkankíkan bó ṣe máa ń dún, tí nǹkan kan ò sì jáde, gáàsì wà, ọta ni kò wọlé. Bí ó bá dún gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí ọta jáde àmọ́ tó jábọ́ sítòsí, gáàsì ló ń tán lọ. Bí ó bá dún bíi pé ó tutọ́, tí omi aláwọ̀ sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ọta ti fọ́ sínú.

Èyí tí kò dún rárá ni ká rọra wò. Ó lè jẹ́ pé bóòtù ti rì sínú ọ̀dà tó gbẹ, ó lè jẹ́ pé ẹ ò tíì fà á sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ bátìrì, bí ìbọn bá jẹ́ oníná.

Kí ló sábà máa ń fà á?

Ọta fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń mú alẹ́ń-kíì lọ́wọ́, wọ́n ti fẹ́ tú ìbọn palẹ̀, kí wọ́n tó bu ẹ̀kúnwọ́ ọta kan wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ yí i padà: ẹ kọ́kọ́ wo ọta, ẹ wo ìdọ̀tí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà họ́pà, lẹ́yìn náà róbà tó ń dá ọta dúró. Inú ìbọn gan-an ló yẹ kó kẹ́yìn.

Ìdí ni pé gelatin ni wọ́n fi ṣe èèpo ọta, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kápúsù rírọ̀ tí òróró ẹja máa ń wà nínú rẹ̀. Kódà, R.P. Scherer, ilé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ kápúsù òògùn ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ọta ọ̀dà, nígbà tó jẹ́ pé àmì ara igi nínú igbó àti ara màlúù ni wọ́n ṣì ń fi í sí. Polyethylene glycol, irú omi kíki kan, àti àró tó ń fomi ṣí ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọ̀dà ara ògiri níbẹ̀.

Gelatin máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá ti fa omi, á wú, á rọ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ra. Tó bá gbẹ jù tàbí tó tutù jù, á máa fọ́ wẹ́wẹ́. Ọta ìwọ̀n .68, tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 17 ní ìbú, kò ní àyè púpọ̀ nínú ọrùn ìbọn, ìyẹn ibi tí họ́pà ti wọ ara ìbọn. Bó bá fi díẹ̀ wú, tàbí tó fi díẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ, ó ti há nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ ọta wò kí n tó rọ ọ́ sí họ́pà?

Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sórí tábìlì tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ yí wọn. Èyí tó bá rí roboto á yí lọ tààrà. Èyí tó ti rí bí ẹyin á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ wo ara wọn bóyá ó ti jin kòtò, bóyá apá kan ti pẹlẹbẹ, bóyá ó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ bá rí òróró tàbí àwọ̀ lára wọn, ọ̀kan ti fọ́ sínú àpò náà. Ẹ wá a kàn, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo èyí tó ti fara kàn án dànù.

Ẹ mú mélòó kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n já bọ́ láti ibi àyà yín sórí kọnkéré. Bí gbogbo wọn bá fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti gbẹ jù, inú ìbọn ni wọ́n máa fọ́ sí. Bí wọ́n bá ń ta pọ́nún-pọ́nún bíi róbà, wọ́n ti wú tàbí kí wọ́n ti yigbì. Irú ìyẹn á há, èyí tó bá sì jáde máa dun ẹni tó bá bà láìfọ́, èyí tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó dáa wà láàárín méjèèjì.

Ilé tó tutù díẹ̀, tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 15 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ló dáa jù láti tọ́jú wọn sí, nínú àpò tí ẹ dì lẹ́nu. Ẹ máa yí àpò náà padà lóòrèkóòrè, torí ọta tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀ pẹ́ á pẹlẹbẹ níbẹ̀. Búùtù ọkọ̀ kọ́ ni ilé wọn.

Ṣé mo lè ṣa ọta tó jábọ́ sílẹ̀?

Rárá. Yẹ̀pẹ̀ á ha inú ọ̀pá ìbọn, ọ̀rinrin ilẹ̀ á sì ti wú u kẹ́ ẹ tó mú un. Iye owó ọta márùn-ún kò tó kí ìbọn máa há láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọta kún họ́pà, síbẹ̀ kò wọlé. Kí ló dé?

Bí họ́pà bá jẹ́ irú èyí tí kò ní bátìrì, ọta méjì ló ti gbé ejìká léra lẹ́nu ihò, tí kò sí èyí tó fẹ́ yà fún ìkejì. Ẹ gbọn ìbọn sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ dín ọta inú rẹ̀ kù. Nǹkan bí 200 ni ọ̀pọ̀ irú họ́pà bẹ́ẹ̀ ń gbà, àmọ́ tí wọ́n bá fún mọ́ra pinpin débi tí ọmọrí fi ń tì wọ́n mọ́lẹ̀, wọn ò ní lè yí.

Bó bá jẹ́ oníbátìrì, ẹ pààrọ̀ bátìrì kẹ́ ẹ tó ronú ohunkóhun míì. Bátìrì tó ń kú lọ ṣì lè tan iná, ó ṣì lè yí mọ́tò, àmọ́ kò lágbára tó láti tú ọta tó wọ́nú ara wọn ká. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀ họ́pà bóyá ọta kan fọ́ síbẹ̀. Ọ̀dà tó gbẹ máa ń di gọ́ọ̀mù, á sì gba ẹsẹ̀ gbogbo èyí tó bá ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ kí ọta máa fi ìwúwo ara rẹ̀ jábọ́ wọlé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nel-Spot 007, ìbọn tí wọ́n fi ṣe eré àkọ́kọ́ ní Henniker, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, lóṣù kẹfà ọdún 1981, kò ní họ́pà rárá. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gbé ọta dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ẹni tó mú un ní láti dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí ọ̀kan tó yí wọlé, lẹ́yìn yíyìn kọ̀ọ̀kan.

Ọta kan há sí ọrùn ìbọn. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ láìfọ́?

Ẹ má fi sikirudiráfà gún un. Mo mọ̀ pé òun ló máa ń sún mọ́ ọwọ́, àmọ́ tó bá gún ọta, ọ̀dà á ṣàn lọ sára bóòtù, ohun tí ẹ ì bá ṣe tán láàárín ìṣẹ́jú méjì á wá di fífọ gbogbo inú ìbọn. Ó tún lè ha ara ọrùn náà, ibi tó bá ti ha á sì máa fọ́ ọta míì.

Ẹ tú gáàsì àti họ́pà kúrò, ẹ dojú ìbọn délẹ̀, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Bí kò bá bọ́, ẹ tú ọ̀pá ìwájú, kẹ́ ẹ fi ìka tàbí ìnùlé onírun rírọ̀ (ohun tí wọ́n fi ń nu inú ọ̀pá ìbọn) tì í láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Bóòtù gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó ti ìka bọ̀ ọ́, kí gáàsì sì ti tán pátápátá, nítorí sípíríǹgì bóòtù lágbára tó láti tẹ ìka fọ́. Bí òmíràn bá tún há síbẹ̀, kì í ṣe ọrùn ló kéré. Ẹ padà lọ wo ọta.

Ọta ń fọ́ sínú ìbọn. Ṣé bóòtù ló ń gé e ni àbí inú ọ̀pá ló ti ń fọ́?

Ẹ wo ibi tí ọ̀dà wà. Bí bóòtù bá gé ọta, ọ̀dà á wà níwájú bóòtù, á fọ́n sókè sí ọrùn ìbọn, nígbà míì á dé inú họ́pà. Ẹ tún máa rí ààbọ̀ èèpo tó ní etí tó mú bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á. Èyí túmọ̀ sí pé ọta kò tíì wọlé tán tí bóòtù fi dé. Ìṣòro ìwọlé ọta nìyẹn: họ́pà ló lọ́ra, tàbí róbà ló ti jẹ, tàbí nǹkan kan ti dí ọrùn.

Bí ọrùn àti iwájú bóòtù bá mọ́, tó jẹ́ pé inú ọ̀pá nìkan ni ọ̀dà wà, ọta wọlé dáadáa, ọ̀nà àjáde ló fọ́ sí. Ó gbẹ jù, tàbí ó tóbi ju ọ̀pá lọ, tàbí ọ̀pá ti dọ̀tí látàrí èyí tó fọ́ ṣáájú. Àwọn tí kò yà méjèèjì sọ́tọ̀ máa ń náwó sí họ́pà tuntun nígbà tó jẹ́ ọta ló gbẹ.

Kí ni mo máa fi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó bá ti fọ́?

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ tó mọ́. Àró inú ọta ń fomi ṣí, ẹ ò nílò kẹrosíìnì, ẹ ò nílò bẹntiróòlù, àwọn méjèèjì á sì ba o-ring jẹ́, ìyẹn róbà roboto tí kì í jẹ́ kí gáàsì jò. Ẹ fa ìnùlé látẹ̀yìn ọ̀pá lọ sí ẹnu rẹ̀. Ẹ nu iwájú bóòtù àti ihò ibi tí ọta ń jókòó sí. Ẹ wá yíjú sí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí róbà tó ń dá ọta dúró wà. Èèpo tó tó èékánná ọmọ ọwọ́ lè fara pamọ́ síbẹ̀, kó má jẹ́ kí róbà náà yọ orí.

Ẹ gbẹ gbogbo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó da ọta míì sí i. Omi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ọ̀pá tàbí họ́pà á rọ èèpo ọta tó bá kàn án, yóò sì tún há. Fún họ́pà, aṣọ gbígbẹ ló tó lójú eré, kí fífọ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá délé. Bí ìbọn bá jẹ́ oníná, ẹ má rì í bọmi. Aṣọ tó fi díẹ̀ tutù ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Ṣé ọ́ìlì lè jẹ́ kó má há mọ́?

Kò lè mú ọta tí kò dáa wọlé. Ohun tó wà fún ni o-ring àti bóòtù, kí wọ́n má gbẹ. Ìbọn bíi Tippmann 98 Custom ń fẹ́ ẹ̀kán ọ́ìlì mélòó kan níbi tí wọ́n ti ń de táǹkì mọ́ ọn, irú ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún ìbọn ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ìbọn oníná, gírísì ni wọ́n ń lò, wọn ò fẹ́ ọ́ìlì. Ìwé tó bá ìbọn wá ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

WD-40 kọ́ ni ọ́ìlì ìbọn, ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì náà kọ́. Ẹ má sì kán ohunkóhun sínú họ́pà tàbí ọ̀pá.

Ọta méjì ń jáde pọ̀, tàbí ọta ń yí jáde lẹ́nu ìbọn fúnra rẹ̀.

Róbà kékeré tó ń dá ọta dúró ló ti jẹ. Detent ni wọ́n ń pè é; irú kan jẹ́ róbà, irú kan jẹ́ wáyà tó ń ta bíi sípíríǹgì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú ọta kan ṣoṣo dúró níwájú bóòtù títí wọ́n á fi yìn ín. Tó bá ti jẹ, ọta àkọ́kọ́ á yí síwájú jù, ìkejì á fi ààbọ̀ ara wọlé, bóòtù á sì gé e.

Láti mọ̀, ẹ tú ọ̀pá àti táǹkì, ẹ fi ọta kan sí ipò rẹ̀, kẹ́ ẹ dojú ìbọn kọlẹ̀. Ó yẹ kó dúró. Bó bá jábọ́, ẹ pààrọ̀ róbà náà. Kò wọ́n, ó sì yẹ kí ọ̀kan máa wà nínú àpò yín nígbà gbogbo.

Tippmann mi kò dá bóòtù padà sẹ́yìn mọ́, tàbí kó máa yìn láìdúró. Ṣé ọta náà ni?

Nínú irú ìbọn yìí, gáàsì kan náà tó ń ti ọta jáde ló ń ti ẹ̀yìn bóòtù padà títí á fi há kọ́. Bí gáàsì kò bá tó, bóòtù á padà dé ìdajì, kò ní há kọ́, á tún sáré bọ̀ síwájú. Ẹ máa gbọ́ kó máa yìn gbàrà-gbàrà fúnra rẹ̀, ọta ò sì ní ráyè wọlé, á máa gé wọn ní ààbọ̀ ààbọ̀.

Táǹkì CO2 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Agbára inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi psi 850 (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì) nígbà tí ojú ọjọ́ bá wà ní 21 lórí Celsius, ó sì ń lọ sílẹ̀ bí òtútù bá ṣe ń pọ̀ sí i. Yíyìn kíákíá nìkan tó láti mú táǹkì náà tutù, kẹ́ ẹ rí yìnyín lára rẹ̀. Ẹ sinmi fún un díẹ̀. Àwọn tó ń ṣeré nígbà òtútù ní London tàbí Chicago, mo gbà wọ́n níyànjú láti lo táǹkì afẹ́fẹ́ lásán, èyí tó ń gba psi 3000 tàbí 4500, torí ó ní regulator tó ń mú ìwọ̀n tó ń jáde dúró sójú kan. Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gáàsì tó kún, o-ring ẹ̀yìn bóòtù ti gbẹ tàbí ó ti gé.

Ìbọn oníná mi ń yìn lọ́ra, tàbí ó kọ̀ láti yìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọta wà nínú rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ló dọ̀tí. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní ojú méjì tó kọjú síra níbi tí ọta ń jókòó sí. Ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀, ìkejì ń gbà á. Bí ọta bá jókòó, ìmọ́lẹ̀ náà á gé, ìbọn á sì mọ̀ pé ọta ti wọlé. Bí ọ̀dà bá bo ojú náà, ìbọn ò ní mọ̀ bóyá ọta wọlé tàbí kò wọlé.

Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi òwú tó fi díẹ̀ tutù nu ojú méjèèjì, kẹ́ ẹ sì gbẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa ojú náà kí ìbọn lè máa yìn lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tó bá di dandan: ojú yẹn ni kì í jẹ́ kí bóòtù gé ọta, gbàrà tẹ́ ẹ bá pa á, gbogbo ọta tó bá lọ́ra láti wọlé lẹ máa gé.

Ṣé ojú ọjọ́ ilé wa yàtọ̀ sí ti òkè òkun nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó yàtọ̀ gan-an. Lákòókò òjò ní Èkó, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé àpò ọta tí ẹnì kan ṣí láàárọ̀ lè ti máa lẹ̀ mọ́ra tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò ni kẹ́ ẹ dà, kẹ́ ẹ sì di ẹnu èyí tó kù pinpin. Ọyẹ́ sì tún ní tiẹ̀: ó ń gbẹ èèpo ọta bó ṣe ń gbẹ ètè wa, tí wọ́n á máa fọ́ kí wọ́n tó kúrò nínú ọ̀pá. Ìyẹn náà ni òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún wọn. Níbẹ̀, ẹ gbé àpò ọta sínú ilé, ẹ má fi í sun inú ọkọ̀ mọ́jú.

Tí mo bá ń yìn pẹ̀lẹ́, kì í há. Tí mo bá ti sáré, ó há. Kí ló fà á?

Ìka yín ti yára ju họ́pà lọ. Họ́pà tí kò ní bátìrì kì í sábà kọjá ọta 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Oníbátìrì tó kàn ń ro ọta pọ̀ yá díẹ̀ sí i. Èyí tó ń fi agbára ti ọta wọlé ló lè bá ìbọn oníná rìn. Ẹ dín ìyára ìbọn kù kó bá họ́pà mu, tàbí kẹ́ ẹ ra họ́pà tó bá ìbọn mu. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Tippmann A-5 yàtọ̀ ní tiẹ̀, torí Cyclone tó wà lára rẹ̀ ń fi gáàsì yí àgbá kékeré kan tó ń kó ọta wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ṣe ń yìn. Kò nílò bátìrì. Tó bá há, ẹ wo okùn róbà tó ń gbé gáàsì lọ bá a bóyá ó ti já tàbí ó ti wọ́, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ yí àgbá náà wò bóyá ìdajì ọta kan ti há sí eyín rẹ̀.

Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti pààrọ̀ róbà, ọta mi sì dáa. Ó ṣì ń há.

Ẹ wo bóyá ọ̀pá ìwájú wọlé tán. Ọ̀pá tí wọn kò de dópin máa ń fi àlàfo sílẹ̀ tí ọta á kó sí. Ẹ fi ìka pa ẹnu ẹ̀yìn ọ̀pá yíká bóyá ibì kan ha. Ẹ wo bóyá họ́pà jókòó dáadáa sínú ọrùn, torí tó bá wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ọta á máa gbá etí irin kó tó wọlé.

Bí gbogbo èyí bá dáa, ẹ yá nǹkan ẹlòmíì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má pààrọ̀ méjì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yá ọta rẹ̀, kẹ́ ẹ yìn ín. Lẹ́yìn náà họ́pà. Lẹ́yìn náà ọ̀pá. Ibi tó bá ti jáwọ́ híhá ni àìsàn náà wà. Bí kò bá jáwọ́ lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú ìbọn ló kù, àkókò ti tó kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ròyìn ohun tẹ́ ẹ ti dán wò fún un. Àmọ́ ẹ má tú regulator tàbí ẹnu táǹkì fúnra yín, bó ti wù kó rọrùn lójú tó. Táǹkì afẹ́fẹ́ tún ní ọjọ́ àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, ọdún márùn-ún ni fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Èyí tó bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, pápá tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní rọ afẹ́fẹ́ sí i.